Ilé Ìwẹ̀ Àtijọ́ àti Ọwọ́ Kàfí

Ẹ̀yìn Kàfí ni Munir kọ́kọ́ rí. Obìnrin náà lóṣòó sí etí ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù kọ́ sápá Orpington, ní London. Ó fi ọwọ́ kan di ìbòrí rẹ̀ mú, ó na ọrùn, ó ń yọjú wo abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀.

"Olúwa mi," ó ń dá sọ̀rọ̀, "ẹ wo ọgbọ́n."

Yorùbá ni. Munir dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991. Munir Ọládèjì ló ń wa bọ́ọ̀sì 51 láti Woolwich lọ sí Orpington. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo pátákó kékeré tó tọ́ka sí ilé náà, àmọ́ títì ni ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ máa ń wà. Ọjọ́ Àìkú mélòó kan lọ́dún ni ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dorothy, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń mú kọ́kọ́rọ́ wá kí ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé wò ó. Lọ́jọ́ yẹn Munir ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì bí èrò, ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Òkìtì òkúta lásán ló rò pé òun máa bá. Nígbà tó wọlé, ẹnu rẹ̀ wọhò.

Wọ́n ti kọ́ òrùlé tuntun bo ibẹ̀ kí òjò má baà jẹ ẹ́. Lábẹ́ òrùlé náà, àwọn ògiri kúkúrú là á sí yàrá yàrá. Òkúta dúdú tó ń dán bí ìgò ni wọ́n fi mọ wọ́n, lẹ́yìn ìlà òkúta díẹ̀, wọ́n á fi ìlà bíríkì pupa kan sí i, ó sì gún régé bí ẹni pé àná ni wọ́n ta okùn. Ilẹ̀ yàrá tó gbóná jù ti wó níbì kan, ibẹ̀ ni ojú ti rí abẹ́ rẹ̀: òpó kéékèèké, bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí abọ́, òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí wọ́n gbé ilẹ̀ náà rù. Ó lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún tí wọ́n ti gbé e rù bẹ́ẹ̀.

Dorothy ṣàlàyé fún àwọn tó wá. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti máa ń dáná. Ooru á gba àárín àwọn òpó náà, á mú ilẹ̀ gbóná, á wọ inú ihò tí wọ́n dá sínú ògiri, á gba ibẹ̀ gòkè jáde. Ẹni tó wà nínú ilé kò ní rí iná, kò ní rí èéfín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa sọ fún un pé ẹnìkan ń tọ́jú òun. Èèyàn á kọ́kọ́ wọ yàrá tútù, á bọ́ sí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà ló máa tó wọ èyí tó gbóná, tí òógùn á bo gbogbo ara rẹ̀. Òróró ni wọ́n ń fi para dípò ọṣẹ, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha á kúrò, wọ́n á sì padà lọ kó sómi tútù.

Bàbá Munir ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìjẹ̀bú-Òde títí ọlọ́jọ́ fi dé. Munir ń wo àwọn ògiri yẹn, ó ń rò ó pé ká ní bàbá òun wà níbẹ̀ ni, ì bá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ.

Ìgbà náà ni obìnrin tó lóṣòó dìde, tó bi Dorothy léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí. Ó fẹ́ mọ ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde.

Ìyá òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní wúrà ni àwọn èèyàn máa ń béèrè, tàbí iwin, tàbí bóyá ọkùnrin àtobìnrin jọ ń wẹ̀ ní ìhòòhò. Kò sí ẹni tó ti béèrè omi ìdọ̀tí. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí etí ibi tí wọ́n ti ń kó sómi tútù, ó fi hàn án bí ilẹ̀ ṣe rọra dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan, títí dé ojú ihò tó já síta. Níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, wọn ò jẹ́ kó ṣe igun. Wọ́n ti gún àpáàdì, wọ́n pò ó mọ́ ẹfun jíjó títí ó fi pọ́n bí osùn, wọ́n wá fi rẹ́ ibẹ̀ kó rí roboto bí inú igbá, kí omi má baà rí ibi lúgọ sí.

Obìnrin náà tún lóṣòó. Ó na ìka kan sókè ibi roboto náà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ láìfọwọ́ kàn án.

"Ṣé iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ lẹ̀ ń ṣe ni?" Munir bi í lédè Yorùbá.

Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ káàsán ló máa ń ṣáájú ní ilé tiwa."

"Ẹ má bínú. Ẹ káàsán, Ma."

"Kí ló sọ mí di Ma? Kàfí lorúkọ mi." Ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo ní ibì kan tí omi máa ń dúró sí ni."

Inú bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n ń padà sí Woolwich, ló ti sọ ibi tó jẹ́. Yàrá kan ni, lẹ́yìn mọ́sáláásí wọn ní Plumstead. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ obìnrin tó bá kú kí wọ́n tó di í láṣọ funfun.

"Ta ló ń wẹ̀ wọ́n?" Munir béèrè.

"Èmi."

Ojú Munir lọ sí ọwọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọwọ́ kúkúrú ni, ó mọ́, wọ́n gé èékánná rẹ̀ wọlé.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Kàfí wí, "kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa sún síjòókòó míì."

"Dírẹ́bà ni mí nínú bọ́ọ̀sì yìí. Ibi tó bá wù mí ni mò ń jókòó sí."

Ó rẹ́rìn-ín, Munir sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kàfí sọ ohun tó mú un wọ iṣẹ́ náà fún un. Ilé àwọn arúgbó kan ní Woolwich ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú wọn. Lọ́dún 1988, ìyá rẹ̀ wá kí i láti Ìbàdàn, ọkàn ìyá náà sì dúró lójijì nínú òtútù. Mọ́sáláásí ò ní obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú nígbà náà. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, títí ẹnìkan fi ti òdìkejì London wá. Kọ́ńkéré ni ilẹ̀ yàrá náà, kò tẹ̀ síbì kankan, omi ò ríbi gbà lọ. Ó dúró yí wọn lẹ́sẹ̀ ká.

"Èmi ni mo ń fi abọ́ gbọ́n omi ìyá mi sínú garawa," ni Kàfí wí. Kò sunkún. Ojú fèrèsé ló ń wò. "Mo sọ lọ́jọ́ yẹn pé màá kọ́ ọ, kí ìyá ẹlòmíì má baà dúró."

Munir ò gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó jọ pé èyí gan-an tẹ́ Kàfí lọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Bí ilé ìwẹ̀ bá ṣí, wọ́n á lọ. Dorothy á ti mú tíì wá fún wọn nínú fúláàsì. Nígbà tí òtútù dé tí wọ́n tì í pa, wọ́n ń rìn nínú àwókù Lesnes Abbey, ibi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ń gbé láyé àtijọ́, Kàfí a sì máa bínú sí ibẹ̀. Ó ní àwọn àlùfáà wọ̀nyẹn mọ ilé ọlá kọ́ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ń tutù. Munir á rẹ́rìn-ín títí á fi di inú mú.

Uncle Dírẹ́bà ló ń pè é tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, olówó orí mi ni. Ó ní ẹnu òun kàn ń dán an wò ni, kí òun mọ bó ṣe máa rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Dorothy sọ tí kò kúrò lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ó ní nígbà tí àwọn ará Róòmù lọ, tí òrùlé wó, àwọn Sásọ́nì tó dé lẹ́yìn wọn sin òkú wọn yí ilé ìwẹ̀ náà ká. Àwọn tó hú ilẹ̀ ibẹ̀ bá ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àwọn òkú náà, wọ́n bá ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rù díẹ̀ ba Munir nígbà tó gbọ́ ọ. Kàfí ní tirẹ̀ mi orí.

"Ibi tí wọ́n ti tọ́jú ara alààyè dáadáa," ó ní, "èèyàn á fọkàn tán an láti gbé òkú rẹ̀ síbẹ̀."

Munir wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Kàfí, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi."

"Ṣé o ti sọ iṣẹ́ mi fún Mummy rẹ?"

Kò tíì sọ ọ́. Kàfí ní nígbà náà, kó lọ sọ ọ́ ná. Bàbá tirẹ̀ ti kú, Alhaji Ọlátúnbọ̀sún tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn ló wà nípò bàbá fún un, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fi lé e létí láti kékeré: ìyá ọkọ tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ àwọn, àwọn ò ní fún un lọ́mọ.

Mummy Munir, Alhaja Medinat, dé láti Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Kẹrin ọdún 1992. Idiat, ẹ̀gbọ́n Munir obìnrin, ló bímọ ní Thamesmead, Mummy sì wá wẹ ọmọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú ò jẹ́ pè é sí ọmọ tuntun wíwẹ̀ kí wọ́n má kó ara wọn jọ wá wò ó. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ sórí wọn. Á fi ọwọ́ òsì gbá orí mú, á fi ọ̀tún bomi sí i lára díẹ̀ díẹ̀, á fi òrí pa oríkèé kọ̀ọ̀kan, á na apá, á na itan, á gbé e sókè, á jù ú fẹ́ẹ́, á tún hán an. Ọmọ tó ń ké á dákẹ́. Idiat ní nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n nílé fẹ́ẹ́ dákú nígbà tó rí i.

Munir mú Kàfí wá kí i. Kàfí kúnlẹ̀ wọlé, ó fọ abọ́ tó bá nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó sọ ìtàn Ìbàdàn tó pa Mummy lẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí Mummy fi gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Munir dúró lẹ́nu ọ̀nà, ayọ̀ ń gùn ún, kò tètè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Kàfí. Ó rò ó pé kí wọ́n gbádùn ara wọn ná, òun á sọ ọ́ tó bá di ọ̀la.

Ọ̀la náà ò dé. Alhaja Ṣùpọ̀, ọ̀rẹ́ Mummy láti ìgbà èwe, tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Plumstead, ya wọlé wá kí ọmọ. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí Kàfí. Ó gbàdúrà fún un, ó ní kí Ọlọ́run san án fún un nítorí aládùúgbò òun tó wẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òkú náà mọ́, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó sùn.

Mummy dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Kàfí.

"Ọwọ́ tó ń wẹ òkú," ó ní, "kì í gbé ọmọ tuntun."

"Ẹ má bínú, Mummy," ni Kàfí wí. Ó kúnlẹ̀ dágbére, ó sì jáde.

Munir rojọ́ títí. Ó ní láàdá ni iṣẹ́ náà nínú ẹ̀sìn. Mummy ní òun náà mọ̀ pé láàdá ni, kí ẹlòmíì lọ gbà á. Ó ní òun ti wẹ ọmọ tó tó ìlú kékeré, òun mọ ohun tí ọwọ́ ń gbé kiri. Obìnrin tó ń ti ibi òkú bọ̀ kò ní máa wọ yàrá ọmọ-ọmọ òun. Ó ń sọ ọ́ tomijé tomijé, omijé ìyá sì wúwo ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Ibi tí Munir ti ṣìnà nìyẹn. Kó lè rí àlàáfíà, ó ní, "Mummy, ẹ má sunkún mọ́. Tá a bá ti so yìgì, ó máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mummy nu ojú. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní ẹjọ́.

Idiat ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí Kàfí, ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ó pàdé rẹ̀ ní ọjà Woolwich, ó dì mọ́ ọn, ó ní ẹ kú ìpinnu o, ìyàwó wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kàfí dúró de Munir níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń sinmi. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún Munir.

"O mọ ohun tí ìyá mi dúró nínú rẹ̀," ó ní. "Mo sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

"Kàfí mi, mo kàn ń wá bí..."

"Mo mọ̀. Má bínú, mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa ń bá mi dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni' níbi tí mo ti máa ní 'rárá'."

Ó yí padà, ó lọ. Munir wa bọ́ọ̀sì lọ sí Orpington, ó wà á padà, kò mọ ẹni tó gùn ún, kò mọ ẹni tó sọ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Kàfí ò gbé fóònù. Nígbà tí ilé ìwẹ̀ ṣí, Munir nìkan ló lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹjú mọ́ ihò omi yẹn, ibi roboto yẹn, àwọn òpó tó gbé ilẹ̀ rù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí wọn. Ó ń wo bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe ro ti ẹsẹ̀, tó ro ti omi, tó ro ti igun. Ó wá yé e pé gbogbo ìgbà tí òun ń pe ara òun ní olólùfẹ́ Kàfí, òun ò tíì lọ wo yàrá tó ti ń wẹ òkú rí. Ẹ̀rù ló bà á.

Ó dìde, ó bẹ Dorothy kó jẹ́ kí òun wọn bí ilẹ̀ náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Àlùfáà Kareem ní mọ́sáláásí, ó ní òun fẹ́ tún ilẹ̀ yàrá ìwẹ̀ òkú tẹ́. Àlùfáà wò ó pẹ́, ó ní ṣé Kàfí ló rán an. Ó ní rárá, Kàfí ò tilẹ̀ ń bá òun sọ̀rọ̀. Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Òun àti ọkùnrin méjì nínú ìjọ ni wọ́n hú kọ́ńkéré yẹn. Munir ti pò síméńtì fún bàbá rẹ̀ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú mọ́sáláásí gbóná fa páìpù omi gbígbóná wá sábẹ́ ilẹ̀, kí ooru lè ti ìsàlẹ̀ wá. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò tuntun. Munir kó àfọ́kù ìkòkò òdòdó jọ, ó jókòó sílẹ̀, ó ń gún un nínú odó.

"Munir," ni Àlùfáà Kareem bi í láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé ilé lò ń kọ́ ni àbí ọbẹ̀ lò ń sè?"

"Àwọn ará Róòmù ló kọ́ mi, sà."

"Ó dáa. Ṣáà má fi ata sí i."

Ó po ìyẹ̀fun pupa náà mọ́ síméńtì, ó wá fi àtàǹpàkò rẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri. Ó lọ yíká yàrá náà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń mú igun kọ̀ọ̀kan kúrò títí gbogbo rẹ̀ fi rí roboto bí inú igbá.

Àlùfáà ló ránṣẹ́ pe Kàfí. Ó dé ní ọ̀sán, ó bọ́ bàtà. Ó dúró sí àárín ilẹ̀. Munir wà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbìyànjú àtiwọlé. Kàfí gbé garawa omi kan, ó dà á sí igun tó jìnnà jù. Omi náà yọ́ kúrò lára ògiri, ó kó ara rẹ̀ jọ, ó ṣàn gba iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó wọ ihò. Kò ṣẹ́ kù níbì kankan.

"Kò dúró," ni Kàfí wí.

Nígbà náà ló tó sunkún. Ó sun ún dáadáa, bí ẹni tí kò ráàyè sun ún nígbà tó yẹ. Nígbà tó tán, ó fi ìbòrí nu ojú.

"O ṣe ohun tí mi ò ní gbàgbé láyé. Ọlọ́run á san án fún ọ," ó ní. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ ṣì wà lẹ́nu mi lọ́dọ̀ Mummy. Lọ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Munir lọ lọ́jọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀ nínú fúláàtì Idiat, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Kàfí ò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀. Mummy ń fi òrí pa ọmọ lára lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"O ti yàn nìyẹn."

"Mi ò lè fẹ́ ẹ láìsí ẹnu yín, Mummy. Ẹ̀yin ni àwọn ará Ìbàdàn ń retí."

"Kí wọ́n máa retí mi."

Bẹ́ẹ̀ ló wà. Munir àti Kàfí tún ń rí ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò sọ ti ìgbéyàwó mọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé bí Mummy bá padà sí Ìjẹ̀bú láìsọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní oṣù Kẹwàá, tó ku díẹ̀ kí Mummy padà sílé, Alhaja Ṣùpọ̀ sùn lálẹ́, kò jí láàárọ̀. Mummy ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà, wọ́n jọ lọ Mẹ́kà, wọ́n jọ ti sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, èkejì á rí i kẹ́yìn. Ó ní kí Munir gbé òun lọ sí mọ́sáláásí kí wọ́n tó bo ojú ọ̀rẹ́ òun.

Kàfí nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Obìnrin tó máa ń ràn án lọ́wọ́ lọ sí Birmingham. Alhaja Ṣùpọ̀ ò bí obìnrin, àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, kò sí èyí tó lè wọlé. Ẹnìkan ṣoṣo ò sì lè yí òkú padà, kó tún máa da omi.

Kàfí wo Mummy. Ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da omi sí i."

Munir rò pé ìyá òun máa yí padà. Mummy dúró bí òpó. Lẹ́yìn náà ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Munir jókòó sórí ìjókòó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbọ́ ju omi lọ. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dà, á dákẹ́, á tún dà, lẹ́yìn náà á gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ nísàlẹ̀ nínú páìpù tí òun fúnra rẹ̀ rì. Ohùn Kàfí ń yọ díẹ̀ díẹ̀, ó rọlẹ̀, kò yé e. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Òun àti Mummy lọ jókòó nínú mọ́tò. Etí ìró Mummy tutù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wò wọ́n.

"Ó ń bá òkú sọ̀rọ̀," ó ní nígbà tó yá. "Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? 'Ẹ má bínú, Mummy, mo fẹ́ yí yín sápá òsì.' 'Ẹ má bínú, omi ń bọ̀ o.' Kò ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ rí, abẹ́ aṣọ ló ti ń fọ̀ ọ́. Bí ó sì ṣe di orí rẹ̀ mú..." Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ká a bí ẹni gbá nǹkan mú. "Bí mo ṣe ń di orí ọmọ mú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi ò kọ́ ọ."

Munir ṣíná mọ́tò náà.

"Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ìwọ lo tẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Ẹsẹ̀ mi ò tutù," ni Mummy wí. Ó sì sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé Thamesmead.

Lẹ́yìn janásà, tí wọ́n ti sin Alhaja Ṣùpọ̀, Mummy ránṣẹ́ pe Kàfí sí ilé Idiat. Kàfí wọlé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kò mọ ohun tó wà níwájú. Mummy ò kí i púpọ̀. Ó ní kó jókòó. Ó ní kí Munir bá òun pe nọ́ńbà Alhaji Ọlátúnbọ̀sún ní Ìbàdàn.

Fóònù náà dún, ó dún, ẹnìkan gbé e. Mummy di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ké bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìbàdàn láìsí wáyà.

"Ẹ káàsán o, Alhaji! Èmi ìyá Munir ni, láti London. Mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, mo fẹ́ já a. Àwa la wá tọrọ."

Kàfí bojú. Munir gbọ́ ohùn bàbá náà bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí, tó ń béèrè ìdílé, tó ń béèrè ìlera, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbà. Lẹ́yìn náà ohùn náà rẹlẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà tí ọmọ àwọn ń ṣe lọ́hùn-ún, tí kò tẹ́ Alhaja lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ náà bá dé ilé ọkọ, ṣé ó máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Mummy wo Kàfí.

"Kò ní fi í sílẹ̀ o, Alhaji," ó ní. "Èyí tó ṣe lọ́sẹ̀ yìí, èmi ni mo bá a da omi."